Asẹ́ Kọ́ Ló Bí Ẹ̀gbin

Bí o bá dé Ìsàlẹ̀-Ìrókò, tí o bá gbọ́ tí èèyàn ń nà ìka sí ẹlòmíràn, tí ó ń pariwo pé òun ló fa gbogbo wàhálà, fara balẹ̀. Kò ní pẹ́ tí àgbà kan yóò fi dá sí i, yóò ní: "Asẹ́ kọ́ ló bí ẹ̀gbin, ẹ lọ bi àgbá léèrè." Ẹni tó ń pariwo á dákẹ́, á sì máa wo ilẹ̀. Àlejò ni yóò dúró síbẹ̀ tí yóò máa ṣe kàyéfì. Asẹ́ wo? Àgbá wo? Ta ló sì ń bi àgbá léèrè ọ̀rọ̀, ṣé àgbá lẹ́nu ni?

Àwọn kan á sọ fún ọ pé àwọn ẹlẹ́kọ ló dá òwe náà sílẹ̀. Má dá wọn lóhùn. Mo mọ ẹlẹ́kọ tó pọ̀, n kò sì rí èyí tó ń rọ ògì sínú àgbá nínú wọn. Ọkọ̀ ló bí òwe yìí, bí ó sì ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí ó ti sú mi kí wọ́n máa bà á jẹ́.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Oyèwùsì, ọmọ ilé Ajíbógun. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa bọ́ọ̀sì fún ilé-ẹ̀kọ́ kan. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, bọ́ọ̀sì náà ti gbó, ilé-ẹ̀kọ́ sì fẹ́ jù ú nù. Oyèwùsì ní kí wọ́n kúkú jù ú sọ́dọ̀ òun. Ó tú àga inú rẹ̀ dànù, ó kan ibùsùn sẹ́yìn, ó gbé sítóòfù sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó gbé táǹkì omi ka orí rẹ̀. Òun àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ bá kó wọ inú rẹ̀. Àwọn ọmọ wọn márààrún wà káàkiri, láti Ìgbòho títí dé Ọ̀fà. Bí wọ́n bá ti lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ ọ̀kan, wọ́n á ṣíná sí ọkọ̀, ó di ọ̀dọ̀ èkejì. Ará ìlú sọ bọ́ọ̀sì náà ní Ilé-ń-rìn. Àwọn aláwàdà ní Oyèwùsì ti di ìgbín tó ń gbé ilé kiri. Kò bínú sí wọn. Ó ní ṣebí ìgbín kì í sùn sílé onílé.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ ọkọ̀ yìí, ìyẹn Lásísì mẹkáníìkì. Ọ̀rẹ́ ni òun àti Oyèwùsì láti ìgbà tí àwọn méjèèjì kò tíì ní irùngbọ̀n. Etí ọ̀nà, lórí ilẹ̀ ilé Ajíbógun, ni Lásísì pàgọ́ iṣẹ́ rẹ̀ sí. Bàbá Oyèwùsì ló fún un láyè níbẹ̀ nígbà ayé rẹ̀.

Bàbá náà ní ilé ọlọ. Nígbà tó kú, ohun tó ṣẹ́kù níbẹ̀ ni àgbá dísẹ́ẹ̀lì ńlá kan tó dúró lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin. Ẹnu ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba epo wà lára àgbá náà, ní ìwọ̀n ìka méjì-mẹ́ta sókè ìdí rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, nọ́ọ̀tì ńlá kan dí ihò kan. Àkọ́bí bàbá náà, tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Ìjọ nítorí ipò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló jogún àgbá yìí, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ilé lọ. Kì í jẹ́ kó gbẹ. Kó tó dé ìlàjì, á ti ní kí wọ́n rọ òmíràn lé e.

"Epo tí bàbá wa fọwọ́ ara wọn rọ ṣì wà nísàlẹ̀ ibẹ̀," ni Bàbá Ìjọ máa ń wí. "Ẹni tó bá gba níbẹ̀, ìre bàbá ló gbà."

Gbogbo ìgbà tí Ilé-ń-rìn bá ti dé sílé, Bàbá Ìjọ á ní kí wọ́n rọ epo kún táǹkì rẹ̀ fún àbúrò òun. Kì í gba kọ́bọ̀. Oyèwùsì á dọ̀bálẹ̀, á dúpẹ́. Ta ni yóò kọ ìre?

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Oyèwùsì àti Àwẹ̀ró kúrò nílé ní òwúrọ̀ kan, wọ́n ń lọ sí Ìgbòho. Ọkọ̀ ń lọ geere. Nígbà tí wọ́n dé Òkè Aláǹgbá, tí kò jìnnà sílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Oyèwùsì tẹ iná mọ́ ọn, dípò kó sáré, ṣe ni agbára rẹ̀ ń rọ, títí ó fi kú síbẹ̀. Wọ́n sinmi díẹ̀, ó tún jí. Wọ́n yí padà sísàlẹ̀ òkè, ó ń sáré bí ọkọ̀ tuntun. Wọ́n tún kọjú sí òkè, ó tún kú. Oyèwùsì sọ̀kalẹ̀, ó wo táyà, ó wo ojú ọ̀nà, ó wo ojú ọ̀run pàápàá. Kò rí ìdí kankan.

Lásísì gun alùpùpù wá bá wọn. Ó tú ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fítà, èyí tó ń sẹ́ epo kí ó tó dé inú ẹ̀rọ. Asẹ́ ni Oyèwùsì ń pè é ní tirẹ̀. Ohun tí wọ́n bá nínú rẹ̀ dúdú, ó sì ń fà bí ọbẹ̀ ilá àná.

"Níbo lẹ ti rọ epo?" Lásísì bi í.

"A ò rọ epo níbì kankan. Ẹ̀gbọ́n ló fún wa."

Lásísì fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Ó dáa," ni ó wí. "Màá pààrọ̀ asẹ́."

Ó pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n gun òkè. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún kú. Ó tún pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, Lásísì da gbogbo epo inú táǹkì nù, ó fi dísẹ́ẹ̀lì mìíràn ṣan inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni Ilé-ń-rìn fi lọ tó fi bọ̀, kò húkọ́ rárá. Inú Oyèwùsì dùn. Wọ́n padà sílé fún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá Ìjọ rọ epo kún táǹkì fún wọn bó ti máa ń ṣe, wọ́n tún gbéra. Òkè Aláǹgbá ni wọ́n dé tí ọkọ̀ tún kú.

Ọ̀rọ̀ náà wá di àdììtú mọ́ Oyèwùsì lọ́wọ́. Òkè kan náà, ọkọ̀ kan náà, awakọ̀ kan náà. Kí ló dé tó fi ń dára fún oṣù kan, tí yóò sì bàjẹ́ láàárín ọjọ́ kan? Ẹnì kan ní òkè náà kò fẹ́ràn ọkọ̀ ńlá. Ẹlòmíràn ní a kì í sùn nínú ọkọ̀, pé ó ti rẹ ọkọ̀ ni. Oyèwùsì gbọ́ gbogbo rẹ̀, orí rẹ̀ sì dàrú. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ni pé bóyá ẹsẹ̀ òun ni kò mọ̀ ọ́n tẹ̀ mọ́. Bóyá òun ti darúgbó.

Àwẹ̀ró jókòó lórí àpáta létí ọ̀nà, ó ń ṣa ìrẹsì.

"Bàbá Ṣẹ̀gílọlá," ni ó wí fún ọkọ rẹ̀, "ṣé ẹ kíyè sí i pé ilé nìkan la ti máa ń kó àìsàn yìí?"

"Ilé bàbá mi lò ń sọ bẹ́ẹ̀?"

Àwẹ̀ró ń bá ìrẹsì rẹ̀ lọ. Obìnrin ilé kò lè sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ pé ẹ̀bùn rẹ̀ ń rùn. Àmọ́ asẹ́ tí wọ́n tú lọ́jọ́ náà, ó fi ọ̀rá wé e, ó sì tọ́jú rẹ̀.

Bàbá Ìjọ gbọ́ pé ọkọ̀ àbúrò òun tún ti kú, inú bí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó pe gbogbo ilé jọ sí ẹ̀gbẹ́ àgbá, níbi tí òjìji wà. Ó ní kí wọ́n lọ pe Lásísì wá. Lásísì dé pẹ̀lú irinṣẹ́ lọ́wọ́, ó rò pé iṣẹ́ ni.

"Asẹ́ mélòó lo ti pààrọ̀ fún àbúrò mi látìgbà òjò?" Bàbá Ìjọ bi í.

"Mẹ́ta ni, Bàbá."

"O ti sọ ọ́ di oko tí ò ń kórè. Ìwọ lò ń ki ẹ̀gbin bọ inú rẹ̀ kí iṣẹ́ má baà tán lọ́wọ́ rẹ."

"Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Oyèwùsì, kí ó tó tú asẹ́, ṣé o rí ẹ̀gbin kankan?"

"Mi ò rí i, Ẹ̀gbọ́n."

"Nígbà tó tú u ńkọ́?"

"Mo rí i."

"Ọwọ́ ta ni asẹ́ wà nígbà náà?"

Oyèwùsì wo Lásísì. "Ọwọ́ Lásísì ni."

Kò purọ́ nínú ọ̀kankan, síbẹ̀ ó mọ̀ pé irọ́ ńlá kan ti dúró síbẹ̀, kò sì mọ ibi tó gbà wọlé.

"Ó tán," Bàbá Ìjọ wí. "Lásísì, kó ẹrù rẹ kúrò lórí ilẹ̀ wa kí ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ tó pé."

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Lásísì ti fi wà níbẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kọjú sí.

"Ìwọ náà gbà bẹ́ẹ̀?" ni ó bi í.

Oyèwùsì wá ọ̀rọ̀ sọ, kò rí. Ojú tì í, ó sì dùn ún. Kò mọ ohun tí òun gbà.

Ìgbà náà ni Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Ìjọ, ó gbé abọ́ tánganran funfun kan dání.

"Ọkọ mi," ni ó wí, "kí a tó dìde, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Orúnkún ń dùn mí. Ẹ máa ń sọ pé epo tí bàbá wa fọwọ́ ara wọn rọ wà nísàlẹ̀ àgbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi díẹ̀ níbẹ̀ kí n fi para. Mi ò fẹ́ ti ẹnu ẹ̀rọ, ìyẹn ti dà pọ̀ mọ́ tuntun. Ti bàbá gan-an ni mo fẹ́."

Ojú Bàbá Ìjọ tú ká. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bọ̀wọ̀ fún àgbá náà tó bẹ́ẹ̀.

"Ìyàwó rere," ni ó wí. "Ó yá, Lásísì. Kí o tó máa lọ, bá wa tú nọ́ọ̀tì ìdí àgbá yẹn."

Lásísì wo Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró kò wò ó, abọ́ rẹ̀ ló ń wò. Lásísì tẹ̀ ba, ó fi sípánà sí nọ́ọ̀tì náà, ó sì fi gbogbo agbára yí i. Nọ́ọ̀tì náà ké, ó tú. Kò sí ohun tó jáde. Lásísì fi wáyà gún inú ihò náà.

Omi ló kọ́kọ́ tú jáde, ó pọ́n pẹ̀lú ìpẹtà. Lẹ́yìn náà ni ohun dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bọ̀, ó ń fà, ó ń já bọ́ sínú abọ́ funfun náà ní gọ̀ǹgọ̀ gọ̀ǹgọ̀. Òórùn rẹ̀ dà bíi ti àbàtà. Abọ́ kún, kò tíì tán. Àwẹ̀ró tú ọ̀rá, ó gbé asẹ́ tó tọ́jú sí ẹ̀gbẹ́ abọ́. Àwọ̀ kan náà ni.

"Ọkọ mi," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ṣé èyí ni kí n fi para?"

Bàbá Ìjọ ń wo ihò náà, ojú rẹ̀ sì ti lọ jìnnà.

"Bàbá máa ń tú u," ni ó wí. "Bí ọyẹ́ bá ti mú lọ́dọọdún, wọ́n á tú ìdí àgbá, wọ́n á da díẹ̀ sílẹ̀. Mo rò pé ilẹ̀ ni wọ́n ń bọ. Nígbà tí wọ́n kú, mo ní ìbọ̀rìṣà ò ní wáyé mọ́ nínú agbo ilé mi. Ọdún kọkànlá rèé."

"Omi ni wọ́n ń dà nù, Bàbá," Lásísì dáhùn. "Omi máa ń bọ́ sínú dísẹ́ẹ̀lì, á sì lọ sísàlẹ̀. Ohun dúdú yìí á máa hù láàárín wọn. Ó ti hù títí ó fi ga dé ẹnu ẹ̀rọ."

"O mọ̀?"

"Mo fura láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

Lásísì wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. "Ilẹ̀ yín ni mo dúró lé, Bàbá."

"Ìwọ ńkọ́, Oyèwùsì?"

"Ẹ̀bùn yín ni, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ inú ẹ̀bùn àgbà wò."

Bàbá Ìjọ bẹ̀rẹ̀, ó mú asẹ́ náà nílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀gbin kán sí aṣọ funfun rẹ̀, kò nù ún.

"Ẹ ò rí nǹkan," ni ó wí. "Èyí tó ń gba ẹ̀gbin dúró kó má baà pa ẹ̀rọ, òun la mú wá dá lẹ́jọ́. Asẹ́ kọ́ ló bí ẹ̀gbin. Àgbá ló yẹ ká bi léèrè. Èmi ni mo sì ni àgbá." Ó kọjú sí Lásísì. "Má bínú sí mi. Ilẹ̀ tí bàbá mi fún ọ, n kò ní agbára láti gbà á."

Ọjọ́ náà ni wọ́n da àgbá náà nù pátápátá, Bàbá Ìjọ ló ń gbé abọ́ fún Lásísì. Wọ́n fọ táǹkì Ilé-ń-rìn, wọ́n rọ epo mímọ́ sí i. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Oyèwùsì wà á gun Òkè Aláǹgbá, ọkọ̀ náà gùn ún bí ẹni pé kò sí òkè níbẹ̀. Nígbà tó dé orí òkè, ó dúró, ó pa iná ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní kí Àwẹ̀ró dúró de òun. Ẹsẹ̀ ló fi rìn padà sọ́dọ̀ Lásísì.

Lásísì bá a níwájú àgọ́, ó rò pé ọkọ̀ tún ti kú.

"Ọkọ̀ ò kú," Oyèwùsì wí. "O bi mí ní ìbéèrè lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ rí."

"Ó pẹ́ kó tó jáde," Lásísì wí.

"Ó pẹ́."

Lásísì fa àpótí kan fún un kó jókòó.

Òwe náà nìyẹn. Bí o bá tún gbọ́ ọ ní Ìsàlẹ̀-Ìrókò, má wo ẹni tí wọ́n ń nà ìka sí, ẹni tó ń nà án ni kí o wò. Bí ó bá dákẹ́ tó ń wo ilẹ̀, ó ti rántí ẹni tó ni àgbá nìyẹn. Asẹ́ kọ́ ló bí ẹ̀gbin. Ẹ lọ bi àgbá léèrè.