Ohun tí Sẹ̀gúmà Ń Jẹ́

Mo kí yín o, ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí, àgbà yín, ọmọdé yín, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń tètè já kí ó sún mọ́ ẹlòmíràn, nítorí ìtàn ẹlẹ́rù ni mo gbé wá, ìtàn iwin àti ẹ̀dá abàmì, orúkọ ilẹ̀ kan ló sì dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Sẹ̀gúmà ni orúkọ náà. Ní ìlú Ìsẹ́rẹ́, níbi tí Láńrewájú ahunṣọ ń gbé, wọ́n ní Àlọ-àìbọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi í sínú oríkì tí wọ́n ń kọ́ ọmọdé: “Sẹ̀gúmà Àlọ-àìbọ̀, ilẹ̀ burúkú tí í gbé ọmọ ọlọ́mọ mì.” Àṣà wọn sì ni pé ẹni tó bá dé ààlà ilẹ̀ onílẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró, kí ó fi oríkì ilẹ̀ náà kí i, kí ó tó gbé ẹsẹ̀ wọ̀ ọ́.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín o. Láńrewájú yìí, ojo gbáà ni. Bí ewúrẹ́ bá húkọ́ lẹ́yìn ilé, abẹ́ òfì ni yóò wọ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ dé góńgó. Òun fúnra rẹ̀ ló rán an lọ já ewé èlú tí wọn yóò fi rẹ òwú ní aró, létí Sẹ̀gúmà, obìnrin náà kò sì padà wálé. Ògbójú ọdẹ mẹ́ta lọ wá a, àwọn náà kò padà. Láńrewájú sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, ó wá dìde, ó gbọ̀nà, ó ń lọ.

Ó kọ́kọ́ dé òkè kan tí èéfín ń rú láti inú àpáta, níbi tí àwọn ará ibẹ̀ ti ní ojú ní àtẹ́lẹwọ́, tí wọn a máa na ọwọ́ sí ènìyàn kí wọ́n tó rí i. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ yọ láti inú èéfín, gbogbo wọn ń ṣẹ́jú. Láńrewájú tọ̀ sára. N kò ní parọ́ fún yín. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá àgbà kan, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, irú ibo ni Sẹ̀gúmà?”

“Dìde, ọmọ mi,” ni ìyá náà wí. “Lédè tiwa, Ibi-tí-a-ti-sùn ni. Ogun lé àwọn baba wa káàkiri ayé, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi orí lélẹ̀ tí wọ́n sùn mọ́jú.”

Ọ̀rọ̀ yìí yà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ kò dín. Láti ibẹ̀ ó já sí odò dúdú kan tí kì í dún rárá, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ní lẹbẹ lẹ́yìn, irun wọn sì tẹ́ sórí omi lọ rẹrẹ. Bí ó ti dárúkọ Sẹ̀gúmà ni gbogbo wọn figbe ta. Ọkùnrin kan láàrin wọn ní: “Rọra pe orúkọ yẹn. Àgbàrá gbé àwọn ọmọ wa lọ níbẹ̀. Lédè tiwa, Ẹ-má-pè-wọ́n-mọ́ ni.” Láńrewájú rántí Àwẹ̀ró, òun náà bú sẹ́kún, àwọn ará omi sì gbé e pọ̀n dé òdìkejì.

Ẹ dúró ná, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ilẹ̀ kan náà ni o! Ohun tí ojú oníkálukú rí níbẹ̀ ni ó fi túmọ̀ orúkọ rẹ̀, a sì ń jà lé e lórí bí ẹni pé tiwa nìkan ni Elédùmarè fọwọ́ sí.

Nígbà tí ó dé ibodè Sẹ̀gúmà, ó rí i pé ẹ̀rù àtẹ̀yìnwá, eré ni. Iwin kan dúró síbẹ̀, orí rẹ̀ kan ìkúukùu, irùngbọ̀n rẹ̀ jẹ́ kìkì gbòǹgbò igi, iná sì ń jó nínú ihò ojú rẹ̀. Igi mẹ́rin yí i ká, wọ́n ní ojú ènìyàn lára. Mẹ́ta jẹ́ àwọn ọdẹ, ìkẹrin ni Àwẹ̀ró, omijé ń ṣàn lára èèpo rẹ̀.

“Kí ilẹ̀ tí o dé,” ni iwin náà wí, ilẹ̀ sì mì tìtì.

Oríkì tí wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré ló bọ́ sí i lẹ́nu: “Sẹ̀gúmà Àlọ-àì...” Kò tíì parí rẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fi le, tí èèpo igi ń gun orókún rẹ̀ bọ̀. Àwẹ̀ró ń mi ewé orí rẹ̀ jìgìjìgì, bí ẹni ń kìlọ̀ fún un. Ìgbà náà ni ó yé Láńrewájú pé kíkí tí wọ́n kí ilẹ̀ ló sọ gbogbo wọn di igi. Ó pa ẹnu dé.

“Baba,” ó ní, “ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Mo mọ ohun tí àwa ń pe ibí yìí, mo mọ ti àwọn ará òkè, mo mọ ti àwọn ará omi. N kò mọ ti ẹ̀yin tí ẹ ni ín. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni Sẹ̀gúmà ń jẹ́ lédè tiyín?”

Iná ojú iwin náà rọlẹ̀. “Ẹnikẹ́ni kò bi mí rí,” ó ní. “Kò ní ìtumọ̀ kankan. Orúkọ ọmọ mi obìnrin ni. Ìyá rẹ̀ ló ṣẹ̀dá orúkọ náà, òun ló fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ibi tí o dúró sí yìí ni mo sin ín sí. Àwọn ènìyàn rẹ á wá dúró lé e lórí, wọn á ní burúkú ni, wọn á ní ó gbé ọmọ ọlọ́mọ mì.”

Láńrewájú tẹ orí ba. “Ẹ kú àfẹ́rakù, Baba,” ó ní. Ó wá yíjú sí ilẹ̀: “Sẹ̀gúmà, ọmọ bàbá rẹ̀, sùn re o. A kò mọ̀ ọ́ ni.” Iwin náà sunkún, omijé rẹ̀ rọ̀ bí òjò, èèpo sì bọ́ lára Láńrewájú, lára Àwẹ̀ró àti àwọn ọdẹ mẹ́ta náà. Àwẹ̀ró ṣubú lé ọkọ rẹ̀ láyà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí tọkọtaya náà àti àwọn ọdẹ dé Ìsẹ́rẹ́, ará ìlú fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. “Òkú ni wọ́n! Ta ló ti Àlọ-àìbọ̀ bọ̀ rí?” Àwẹ̀ró dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀, ó ń pè é, ìyá náà di ilẹ̀kùn mú gírígírí láti inú ilé. Láńrewájú jókòó ti ìyàwó rẹ̀, kò sá. “Ìyá,” ó ní, “ẹ má ronú ohun tí wọ́n ní Sẹ̀gúmà ń jẹ́ mọ́. Ẹ bi ọmọ yín léèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí.” Ó pẹ́ gan-an kí ilẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀, tí ọwọ́ arúgbó kan yọ jáde, tí ó ń wá ojú ọmọ rẹ̀ kiri.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi, kí ẹ tó fi orúkọ ilẹ̀ onílẹ̀ kọ́ ọmọ yín ní ẹ̀rù, ẹ kọ́kọ́ bi onílẹ̀. Ìbẹ̀rù ló mú kí Láńrewájú béèrè. Ẹ̀yin ẹ má dúró dìgbà tí ẹ̀rù bá bà yín. Ó lè jẹ́ pé orí ọmọ ẹnìkan lẹ dúró lé.