Epo Tuntun Lórí Ògbólógbòó Epo

Ẹ gbà mí o! Nǹkan ṣẹlẹ̀ níbí báyìí! Àǹtí Morẹ́nikẹ́, àbúrò màmá mi tó ń ránṣọ, ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi ọṣẹ lé obìnrin kan lórí ní gbangba títì! Fóònù wà lọ́wọ́ mi, mi ò tiẹ̀ rántí ká fídíò.

Obìnrin náà ò ṣẹ̀ ẹ́. Oníbàárà Àǹtí ni tẹ́lẹ̀. Ó kàn gbé aṣọ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń lọ sọ́dọ̀ Títílọpẹ́, ọmọ kékeré tó ń ránṣọ ní òdìkejì títì. Lọ́dún tó kọjá, Títílọpẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán àwọn aṣọ ìgbàlódé. Àǹtí fi í rẹ́rìn-ín nígbà yẹn: "Ẹ wo télọ̀ tó padà di ọmọṣẹ́!" Ní báyìí, àwọn oníbàárà Àǹtí ti sọdá tán. Bó bá ń lọ báyìí, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ máa kú.

Alàgbà Ṣówándé, tó ń kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló gba korobá lọ́wọ́ ẹ̀.

"Jókòó, Morẹ́nikẹ́."

"Alàgbà, ẹ má dá sí i o!"

Alàgbà gbé korobá sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan:

Ọkùnrin kan wà, alága àwọn onílé ni ní àdúgbò kan. Àdúgbò rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀lé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní tiransifọ́mà tirẹ̀. Ọdún kan náà ni wọ́n gbé méjèèjì wá, àwọn méjèèjì sì ti darúgbó. Epo inú wọn ti dúdú. Wọ́n ń kùn bí ẹni tí ibà mú.

Àdúgbò kejì pe àwọn ẹnjiníà. Àwọn yẹn ní kí wọ́n má ju ẹ̀rọ náà nù, irin rẹ̀ ṣì dáa. Bébà tí wọ́n fi wé wáyà inú rẹ̀ ló ti mu omi fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ló ń pa á. Wọ́n ní àwọn á fa epo dúdú jáde, àwọn á fọ inú rẹ̀, àwọn á rọ epo tí wọ́n fún lára ẹ̀wà sóyà sí i. Epo yìí máa ń fa omi kúrò lára bébà. Kì í tètè gbiná. Bó bá dà sílẹ̀, ilẹ̀ á jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ pa iná fún ọjọ́ díẹ̀.

Wọ́n gbà. Wọ́n wà nínú òkùnkùn. Alága dúró ní ààlà, ó ń pariwo: "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ po ẹ̀wà sí i, kẹ́ ẹ kúkú din àkàrà!"

Iná wọn dé. Ẹ̀rọ wọn dákẹ́ bí ẹni tó sùn dáadáa. Àwọn tó ń ta ẹja tútù ní àdúgbò alága, tí iná tiwọn ń lọ tó ń bọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹja wọn lọ sí firísà àdúgbò kejì. Ìyàwó alága náà gbé tiẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ yẹn, alága ò lè jókòó sílé mọ́. Á lọ dúró lábẹ́ tiransifọ́mà àdúgbò kejì, á gbé fóònù sétí bí ẹni ń pe èèyàn, á máa gbọ́ bó ṣe dákẹ́.

Ó pe àwọn ẹnjiníà. "Èmi náà fẹ́ epo yẹn. Kó pọ̀ ju tiwọn lọ."

"Kò burú, bàbá. A máa pa iná ná."

"Iná ta ni? Kí àwọn yẹn wá máa wò wá nínú òkùnkùn? Ẹ rọ tuntun lé èyí tó wà níbẹ̀."

"Bàbá, kì í ṣe ọbẹ̀ tá a fẹ́ bomi sí."

Ó lé wọn lọ. Ó wá àwọn míì tó gbà fún un. Wọ́n bu epo tuntun díẹ̀ lé ògbólógbòó. Wọ́n fi ọ̀dà kun ara ẹ̀rọ náà, ó ń dán. Alága ní kí gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Bébà inú ẹ̀ ṣì rin. Epo dúdú ló ṣì pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà tí ooru mú, tí gbogbo ilé tan fáànù, ó bú gbàù, ó gbiná, tòun tọ̀dà. Òkùnkùn ọjọ́ díẹ̀ tí alága ń sá fún, ọdún kan gbáko ló fi bá wọn gbé.

Alàgbà yíjú sí Àǹtí. "Morẹ́nikẹ́, ìwọ ni mò ń bá wí. O kun ṣọ́ọ̀bù, o gbé orin síta, o tún ń da omi lé ọmọ ọlọ́mọ lórí. Inú ńkọ́? Ohun tí ọmọ yẹn mọ̀, o ò mọ̀ ọ́n, o ò sì fẹ́ kí wọ́n rí ẹ níbi tó o ti ń kọ́ṣẹ́. Ìlara ti rin ẹ́ dé egungun. Fà á jáde kó o tó jóná. Lọ kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹ̀."

"Lọ́wọ́ Títí? Ọmọ tí mo rán aṣọ ìkómọ ẹ̀?"

"Lọ́wọ́ ẹ̀."

Àǹtí pòṣé. Ó wo òdìkejì. Títílọpẹ́ ń fi táwẹ̀lì nu orí oníbàárà. Àǹtí yọ téèpù kúrò lọ́rùn. Ó ti ṣọ́ọ̀bù. Ó sọdá títì, ó bọ́ sálúbàtà ẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn Títílọpẹ́, ó wọlé.