Igbá Omítóògùn àti Òkúta Alágbẹ̀dẹ

"Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè." Ojoojúmọ́ ni ẹ ń pa á, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín tó mọ àgbà tí wọ́n fẹ́ pè ní wèrè gan-an? Mo ní ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ fìdí kalẹ̀, kí n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nílé wa.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ṣì wà lójú ọpọ́n, ní nǹkan bí igba ọdún ó lé àádọ́ta sẹ́yìn, kò sí afárá lórí odò Ògùn. Igbá ni wọ́n fi ń kọjá. Odindi igbá ràbàtà kan ni, tí wọn kò là. Èrò á dùbúlẹ̀ lé e, á gbá a mú, ẹni tó ń gbé e kọjá á máa lúwẹ̀ẹ́, á máa tì í lọ. Baba Omítóògùn ni ọ̀gá àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ẹja ló ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ pọ̀ ju omi odò lọ. Òun ló fi í lélẹ̀ pé ẹni tí kò bá lè lúwẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ igbá.

Lọ́dún kan, Ògúndíran alágbẹ̀dẹ ń kó lọ sí òdìkejì odò. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, àwọn ará ibẹ̀ kò sì rí ẹni rọ ọkọ́ fún wọn. Gbogbo ẹrù rẹ̀ ló ti kọjá, ó ku òkúta ńlá tí ó ń lu irin lé lórí. Ọkùnrin mẹ́rin ló rù ú dé etí odò.

"Baba, ẹ fi èyí sílẹ̀. Kò lè ṣeé ṣe," ni Ògúndíran wí.

Omítóògùn bú sẹ́rìn-ín. "Lójú ta ni? Bí oòrùn bá wọ̀ tí òkúta yìí kò tíì kọjá, kí tèwe tàgbà máa pè mí ní wèrè!"

Háà! Ẹyin lohùn o. Ó ti balẹ̀ ná.

Wọ́n kọ́kọ́ fi òkúta mìíràn tó wúwo bákan náà dán an wò. Igbá fọ́ yángá. Wọ́n mú igbá tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ; òun náà dojú dé, òkúta tí wọ́n fi ń dán an wò sì rì. Oòrùn ti yẹ àtàrí. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, ẹnì kan tilẹ̀ ti ń dá orin wèrè. Ojú ń ti bàbá débi pé kò lè gbórí sókè mọ́.

Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, jókòó sétí odò, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Kò lè lúwẹ̀ẹ́; omi kì í kọjá orúnkún rẹ̀.

"Olówó orí mi, ṣé kí n sọ̀rọ̀ ni, àbí kí n dákẹ́?"

Bàbá wo oòrùn. "Sọ̀rọ̀, jọ̀ọ́."

"Ẹni mẹ́rin ló ru òkúta yìí dé ibí. Kí ló dé tí ẹ fẹ́ kí igbá kan ṣoṣo rù ú?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó tẹ́ àwọ̀n rẹ̀, ó kó ogún igbá kéékèèké sínú rẹ̀, ó dì í pinpin. Wọ́n yọ ilẹ̀kùn ahéré kan nítòsí, wọ́n gbé e lé e, wọ́n gbé òkúta lé ilẹ̀kùn. Kò rì! Omítóògùn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tì í dé òdìkejì, oòrùn kò sì tíì wọ̀.

Ariwo ayọ̀ ta. Baálẹ̀ ibẹ̀ dì mọ́ ọn. "Baba, ọgbọ́n yín mà pọ̀ o!"

Ìyìn náà dùn mọ́ bàbá, ó ti lanu láti gbà á. Ló bá bojú wẹ̀yìn, ó rí Àwẹ̀ró lókèèrè, níbi tí kò ti lè gbọ́ nǹkan kan. Ojú tì í ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Kì í ṣe tèmi," ni ó wí. "Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kò jẹ́ kí wọ́n pe àgbà ní wèrè lónìí. Ẹ dúró, mo ń bọ̀." Ó padà sínú omi, ó lọ gbé ìyàwó rẹ̀ wá lórí igbá náà, kó lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ìyìn rẹ̀.

Nítorí náà ni àwọn àgbà fi ń pa òwe yìí nígbà tí ìmọ̀ràn ẹlòmíràn bá yọ ènìyàn nínú ìtìjú, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ kìlọ̀ fún ẹni tó rò pé òun nìkan ló gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ yìí nìkan, ìyàwó mi ti pa á fún mi lẹ́ẹ̀mejì.