Ọkọ̀ Ẹlẹ́nu Ṣóńṣó

Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ta ni kò mọ òwe yìí? Ọmọ ilé ìwé pàápàá ń pa á. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń pa á léèrè pé igi wo ni, àti pé ojú ta ló fẹ́ gún, ẹ óò rí i tí yóò máa họrí. Àwọn kan yóò ní òwe yìí ti wà kí mọ́tò tó dé ilẹ̀ wa. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, n kò bá wọn jiyàn. Ní Òkè-Àfàrà tiwa, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan la gbọ́ pé ó bí i, bí a sì ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́.

Nígbà tí kòkó ń ta wàràwàrà, káfíńtà kan wà ní Òkè-Àfàrà tó ń jẹ́ Ọláṣebìkan. Òun ló ń kan ara pákó fún àwọn ọkọ̀ akẹ́rù. Ọwọ́ rẹ̀ já fáfá, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ó ní òun kò ní í kú sídìí ọkọ̀ tí ń kó kòkó. Òun yóò kan ọkọ̀ tí ọlọ́kòkó fúnra rẹ̀ yóò máa jókòó sí bí ọba. Ó kọ́kọ́ kan ẹyọ kan fún àfihàn, pé bó bá wọ àwọn olówó lójú, òun yóò máa kan irú rẹ̀ fún wọn. Ó kùn ún ní funfun, ó fi àrán bo àga rẹ̀, ó sì gbẹ́ iwájú rẹ̀ bí ọrùn lékèélékèé. Láti ibẹ̀ ni ẹnu ẹyẹ náà ti yọ gbọọrọ síwájú, igi ìrókò tó gùn, tí idẹ ṣóńṣó wà lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí ọkọ̀ yìí tí kò lanu sílẹ̀.

Abíọ́nà ni awakọ̀ tí wọ́n ní kó wà á jáde. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ jókòó sídìí rẹ̀ ni àyà rẹ̀ ti já. Ọrùn ẹyẹ yẹn dí i lójú, kò rí ilẹ̀ iwájú, kò sì rí ṣóńṣó igi náà rárá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ fún? Èèwọ̀ ṣọ́ọ̀bù Ọláṣebìkan ni pé a kì í sọ àléébù ọkọ̀ tí a kò tíì da omi síwájú rẹ̀. Ọmọdé ni í da omi tútù sójú ọ̀nà níwájú ọkọ̀ tuntun bó ti ń bọ̀, kí ọ̀nà lè tutù fún un. Lẹ́yìn ìyẹn ni èèyàn tó lè sọ àléébù rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n sì yàn ni Àṣàbí, ọmọ Abíọ́nà gan-an. Bí ìyá Àṣàbí ti ń to ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn tayọ̀tayọ̀, ṣóńṣó igi tí kò rí ni baba rẹ̀ ń rò.

Ọjọ́ pé, ìlú tú jáde. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù ni ọkọ̀ wà, ògiri ilé alámọ̀ kan sì dojú kọ ọ́ nísàlẹ̀. Àṣàbí dúró síwájú ògiri náà, igbá omi lọ́wọ́ rẹ̀. Abíọ́nà wọlé, wọ́n yọ òkúta tí wọ́n fi dá táyà dúró. Ó wo iwájú, kò rí ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rín ọmọ náà nìkan ló ń gbọ́. Kò tilẹ̀ tan ẹ́ńjìnnì. Ó fa bíréèkì ọwọ́, ó bẹ́ sílẹ̀, ó sáré gbé ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Igbá bọ́, omi dànù.

"Abíọ́nà! Ṣé o fẹ́ ba ọjọ́ mi jẹ́ ni?" Ọláṣebìkan pariwo mọ́ ọn.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mi ò rí ọmọ mi láti ibi tí mo jókòó sí."

"Igi lásán ló ń bà ọ́ lẹ́rù? Igi tí mo fọwọ́ ara mi gbẹ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ síbi tí ọmọ dúró sí, kí ẹ lóṣòó, kí ẹ wò ó. Bí ẹ bá ní kò séwu, màá wà á."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ọláṣebìkan náà rẹ́rìn-ín, ó lọ, ó lóṣòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Kò rí igi gígùn kankan. Idẹ kékeré kan ló ń dán níwájú rẹ̀, tí kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ. "Ṣé èyí náà ni?" ló wí.

Bó ti ń wí i lọ́wọ́ ni okùn bíréèkì já. Ìrókò ti mú ọkọ̀ náà wúwo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí bọ̀, jẹ́jẹ́, láìpariwo. Ọláṣebìkan tẹjú mọ́ ọn, kò mọ̀ pé ó ń bọ̀, nítorí ṣóńṣó tó bá kọjú sí ẹyinjú gan-an, bó ti wù kó sún mọ́ni tó, ṣóńṣó náà la ṣì ń rí. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà lókèèrè ló rí i, wọ́n figbe ta. Abíọ́nà ju Àṣàbí sọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó fò mọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó sì wọ́ ọ ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Igi náà gún ògiri, ó wọ inú yàrá lọ.

Ọláṣebìkan dìde nílẹ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà, ó wá rí bó ti gùn tó. "Áà, igi gogoro," ló wí, "má gún mi lójú o. Òkèèrè ló yẹ kí n ti máa wò ọ́."

Olówó kankan kò béèrè ọkọ̀ náà mọ́. Ọláṣebìkan fi ayùn rẹ́ ọrùn lékèélékèé, ọkọ̀ akẹ́rù ló sì fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kàn. Ó pa èèwọ̀ rẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú. Ó ní láti òní lọ, ẹni tó bá rí àléébù ọkọ̀ tó dákẹ́, òun ni yóò lóṣòó síwájú rẹ̀.

Nítorí náà, bí àwọn àgbà bá rí ewu tó ṣì jìnnà, tí àwọn ẹlòmíràn ń fi rẹ́rìn-ín, tàbí tí wọ́n ń tìjú àtisọ ọ́, wọn a ní igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Wọn kì í dúró dìgbà tí igi bá débẹ̀ kí wọ́n tó pa á, nítorí ojú tó bá ti fọ́, òwe kì í là á.