Olóyin Ìgbòho àti Ìbéèrè Tí Kò Dáhùn

Ọkùnrin kan wà ní Ìgbòho tó ń sin kòkòrò oyin. Ọjà rẹ̀ mọ́. Kì í fi omi ṣúgà lú oyin, ẹni tó bá sì rà á lẹ́ẹ̀kan máa ń padà wá. Nígbà tó yá, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi fóònù polówó ọjà lórí ìkànnì ayélujára.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń ṣe é kò le. Bó bá ń lọ sóko, ìyàwó rẹ̀ á bá a lọ, á ya fídíò bó ṣe ń fín èéfín sí àpótí oyin, bó ṣe ń gé afárá, bó ṣe ń sẹ́ oyin sínú ìgò. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ kò pọ̀. Ẹni tó bá béèrè nǹkan, á dá a lóhùn kó tó sùn. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ sí i, wọ́n ń rà, wọ́n sì ń sọ fún ará ilé wọn.

Ìgbà tó ṣe, ó rí i pé àwọn olóyin kan wà tí èèyàn ń wo fídíò wọn ju tirẹ̀ lọ. Àwọn yẹn ń jó, wọ́n ń dápàárá, wọ́n ń sọ pé kò sí àìsàn tí oyin kì í wò. Ó gba fóònù lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ya ara rẹ̀. Òun náà ń jó. Ohun tó bá gbọ́ lẹ́nu wọn, á tún un sọ. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ìgò oyin sókè, ó ní, "Ẹ máa fún ìkókó yín lá. Ọmọ tó bá ń lá oyin láti kékeré kì í ṣàìsàn." Kò wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ó kàn rò ó pé ṣebí oyin la fi ń sọmọ lórúkọ.

Fídíò yẹn tàn kálẹ̀. Ẹ̀rín pọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Kò tíì ka ohun tí àwọn èèyàn kọ síbẹ̀ tó fi gbé òmíràn jáde. Síbẹ̀, àwọn tó ń ra oyin ń dín kù. Ó ní àsìkò ló le, ó sì tún fi kún ijó rẹ̀. Èèrà wọ àwọn àpótí kan lóko, kò rí àyè wò wọ́n. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ mọ́, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun fẹ́ ta àpótí oyin òun, kí òun lọ máa gun ọ̀kadà ní Ìlọrin.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Àlàmú, kí ẹ tó tà á, ẹ jẹ́ ká jókòó wo ohun tí ẹ ti ń bá àwọn èèyàn sọ. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Láti ìgbà tí ẹ ti ń jó yìí, mi ò rí i kí ẹ wo ẹ̀yìn."

Òjò ń rọ̀, kò ṣeé lọ sóko. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ àwọn fídíò àtijọ́, àwọn èèyàn ń béèrè iye tó ń ta ìgò kan àti bí yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn. Lábẹ́ ti ijó, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Ṣé ẹ ṣì ń ta oyin, àbí ẹ ti di aláwàdà?" Kò sí èsì.

Nígbà tí wọ́n dé ibi fídíò ìkókó, wọ́n rí ọ̀rọ̀ kan tí obìnrin kan kọ: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ mi ò tíì lè jókòó. Ó ń wúkọ́. Mo ti ra oyin yín rí, mo sì fọkàn tán yín. Ìwọ̀n wo ni kí n fún un?"

Ìyàwó rẹ̀ gba fóònù, ó tún ọ̀rọ̀ náà kà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, "Nígbà tí mo bí Àlàmú, àwọn nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún àwa ìyá ọmọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ lá oyin rárá. Ohun kan lè wà nínú rẹ̀ tí ikùn ìkókó ò lè borí. Wọ́n ní ó lè mú kí ara ọmọ rọ, kó má lè mí dáadáa."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ ò fi fídíò yẹn hàn mí."

Ọkùnrin náà kọ́kọ́ pa fídíò náà rẹ́. Orúkọ obìnrin náà wà lára ti àwọn oníbàárà rẹ̀; ó pè é títí, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ohun tó rántí ni pé aránṣọ ni, àti pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn awakọ̀ ti máa ń bá òun gbé oyin fún un. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọkọ̀. Kò lè jẹun lọ́nà. Ó ń gbàdúrà, àmọ́ kò mọ ohun tí ó yẹ kó bẹ̀bẹ̀ fún mọ́, torí ohun tó bá ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Ó bá ṣọ́ọ̀bù náà ní títì. Ó bi obìnrin tó ń lọ ata nítòsí léèrè. Ìyẹn ní, "Ìyá Mákindé? Wọ́n gbé ọmọ wọn lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọn ò ní pẹ́ dé."

Ó ní, "Ọmọ náà ńkọ́?"

"Ọmọ wà, sà. Ẹ jókòó."

Ó jókòó. Nígbà tí obìnrin náà dé, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń jẹ etí aṣọ ìyá rẹ̀. Ọkùnrin náà dìde lọ bá wọn.

"Ṣé kì í ṣe bàbá olóyin ni mò ń wò yìí?"

"Ìyá Mákindé, ṣé ẹ fún un ní oyin náà?"

"Rárá. Mo dúró de èsì yín, mi ò rí i. Mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ dán an wò, wọ́n wá fún un ní oògùn. Ikọ́ náà ti lọ tipẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni fóònù mi bọ́ sómi."

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. Ìyá Mákindé sọ ọmọ kalẹ̀, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ọmọ náà di irùngbọ̀n rẹ̀ mú, ẹ̀rín sì bá ẹkún náà pàdé.

Obìnrin náà wá ní, "Mi ò bá yín bínú, sà. Ṣùgbọ́n mi ò ra oyin yín mọ́ láti ìgbà náà. Mo ní ẹni tí kò gbọ́ mi nígbà tí mo pè é, báwo ni màá ṣe mọ̀ pé ó ṣì ń tọ́jú oyin rẹ̀?"

Ó gbé ọ̀rọ̀ yẹn dé ilé. Ó dúró níwájú àpótí oyin rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ya á, kò jó. Ó sọ pé ohun tí òun sọ nípa ìkókó kò rí bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin. Àwọn kan bú u. Àwọn tó dúpẹ́ pọ̀ jù wọ́n lọ. Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, òun àti ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó bi ara wọn: kí la sọ lọ́sẹ̀ yìí, ṣé òótọ́ ni, ta ló béèrè nǹkan tí a ò dáhùn, èwo ló mú oníbàárà wá? Kì í ṣe gbogbo àwàdà ni wọ́n sọ nù o. Wọ́n rí i pé fídíò ibi tí oyin ti ta á nímú tó sì sá bọ́ sínú ẹrẹ̀ mú èèyàn púpọ̀ wá ra oyin, wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀. Ọjà padà díẹ̀díẹ̀. Kò ta àpótí oyin rẹ̀ mọ́. Ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Àbúrò mi, ìwọ náà ń ta bàtà lórí fóònù. O wá sọ fún mi pé ọjà kò yá, pé o fẹ́ háyà ẹni tí yóò bá ọ pariwo. Mi ò ní kí o má pariwo. Ṣùgbọ́n kí o tó ṣe bẹ́ẹ̀, jókòó ti ohun tí o ti sọ. Yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí o máa wò ó, nígbà tí ọjà bá yá àti nígbà tí kò bá yá. Olóyin yìí bá ọmọ náà láàyè, nọ́ọ̀sì kan ló sì gba olóyin náà sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnu ara rẹ̀. Má ṣe fi tìrẹ sílẹ̀ de ẹni tí yóò gbà ọ́. Mú fóònù yẹn wá, ká jọ bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti pè ọ́, kó sì máa dúró.