Ìyá Kíákíá àti Ẹkún Ìyàwó Ìbídùn

Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì jẹ́ ohun tí àwọn èèyàn ń yọjú wò láti ojú fèrèsé ní Òkèhò, Ọlápèjú ti ní méjì nínú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé rẹ̀. Ọwọ́ obìnrin náà yá. Bí o bá ń sọ̀rọ̀ fún un, kí o tó pa ẹnu dé, ó ti tẹ̀ ẹ́ tán, á wá máa wò ọ́ bí ẹni pé ìwọ lò ń fi àkókò ṣòfò. Àmọ́ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń yá náà ni inú rẹ̀ ń tètè bí, pàápàá bí èèyàn bá bi í ní ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹlẹ́kọ tó bá bi í pé ẹ̀kọ mélòó ni, tó tún padà béèrè pé ṣé mẹ́rin ló wí, ó ti sọ ọjà nù nìyẹn. Ìyá Kíákíá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kò sì bínú sí orúkọ náà, torí òótọ́ ni.

Ìyá Àwẹ̀ró wà lára àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá arúgbó yìí nìkan ló kù ní agboolé wọn tó mọ ẹkún ìyàwó, èyí tí ọmọbìnrin máa ń sun lọ́jọ́ tó bá ń fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lọ sílé ọkọ. Àwọn ọmọ ìwòyí ti fi orin inú rẹ́díò rọ́pò rẹ̀. Ìbídùn, ọmọ-ọmọ rẹ̀, nìkan ló ní òun ò fẹ́ jáde nílé bí ẹni tí kò ní baba. Ó fẹ́ sun ẹkún tirẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n ìlú òkèèrè ló ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà, kì í ráyè wálé kọ́ ọ. Ìyá Àwẹ̀ró wá ní, "Ṣebí ó mọ̀wé kà? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, kó máa kà á níbi tó bá wà. Bí èmi bá kú, ìwé kì í kú."

Wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn wá fún un. Ó wo ẹ̀rọ náà títí, ó ní òun ò lè sunkún fún ohun tí kò lójú. Ọlápèjú nìkan ni Ìyá Àwẹ̀ró gbà láti sun ún fún. Bí ọjọ́ ọjà bá ti kọjá, á wá jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, á di ojú, á bẹ̀rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ dánu dúró, torí bó bá dánu dúró, àfi kó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ní gbogbo Òkèhò, Ọlápèjú nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ lè bá irú ẹnu bẹ́ẹ̀ rìn.

"Ìyá mi, mo dúpẹ́ omi tó o gbé lórí,
Mo dúpẹ́ ẹ̀yìn tó o fi pọ̀n mí gòkè, tó o fi pọ̀n mí sọ̀kalẹ̀.
Ilé ọkọ tí mò ń lọ yìí,
Ta ni yóò mọ̀ pé n kì í jẹ̀kọ tútù?"

Ọlápèjú fi èjìká nu ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Nígbà tí òun ń lọ sílé ọkọ, kò sẹ́ni tó kọ́ òun ní nǹkan kan. Bí ìyá arúgbó náà ṣe ń bọ̀ léraléra, iṣẹ́ yìí wọ̀ ọ́ lọ́kàn ju gbogbo iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù lọ.

Ohun tó ń dá a dúró díẹ̀ ni àmì. Ẹkún tí kò ní àmì lórí, ẹni tí kò gbọ́ ọ rí kò lè sun ún dáadáa, àmọ́ ká máa wá àmì kiri lórí bọ́tìnì, wàhálà ni. Mùdáṣírù, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òdìkejì títì, ló bá a wá nǹkan ṣe sí i. Ó kọ àṣẹ kékeré kan pamọ́ sínú ìwé náà, èyí tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní máákírò. Bí Ọlápèjú bá ti tẹ bọ́tìnì kan ṣoṣo, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á fi àmì sórí lẹ́tà. Inú obìnrin náà dùn, ó fún Mùdáṣírù ní mọ́ínmọ́ín mẹ́ta.

Àmọ́ gbogbo ìgbà tó bá ti ṣí ìwé náà, ìlà yẹ́lò kan á nà sókè ojú kọ̀ǹpútà, á máa bi í pé àṣẹ kan wà nínú ìwé yìí o, ṣé kí òun jẹ́ kó ṣiṣẹ́? Ó dáhùn lánàá. Ó dáhùn láàárọ̀. Ó lọ mu omi, ó padà dé, ó tún bi í.

"Mùdá," ló ké sí òdìkejì títì, "kí ló ń bi mí ní gbogbo ìgbà báyìí? Ṣé kò dá mi mọ̀ ni?"

Mùdáṣírù gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ lọ́wọ́ wá. "Àǹtí, ẹ̀yin kọ́ ni kò mọ̀, ìwé ni kò mọ̀. Àṣẹ ni máákírò. Èmi kọ èyí tó dára fún yín, ṣùgbọ́n ẹni ibi náà lè kọ tirẹ̀ sínú ìwé, bí ìwé yẹn bá sì ti ṣí báyìí, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló máa jẹ́. Ìdí tó fi ń béèrè nìyẹn."

"Kó yé béèrè."

"Ọ̀nà wà. Màá ya fódà kan sọ́tọ̀ fún yín, màá sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó fọkàn tán ibẹ̀. Ìwé tiyín tó bá wà níbẹ̀, kò ní bi yín mọ́. Èyí tó bá ti ìta wọlé nìkan ni yóò máa béèrè. Ẹ jẹ́ kí n jẹun tán, n óò ṣe é."

Ta ni yóò dúró de ẹni tó ń jẹun? Mùdáṣírù kò tíì fọwọ́ tí obìnrin yìí fi wá ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ààbò náà kàn. Ó rí i pé èèyàn lè ní kí kọ̀ǹpútà dí gbogbo máákírò, ó lè ní kó máa béèrè kó tó gbà wọ́n, ó sì lè ní kó gba gbogbo wọn wọlé láìbéèrè. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ èyí tó kẹ́yìn yẹn pé kò dára kéèyàn yàn án, nítorí ewu. "Ta ló bi yín?" ni Ọlápèjú wí, ó sì yàn án.

Nígbà tí Mùdáṣírù padà wá, Ọlápèjú ní òun ti ṣe é fúnra òun. Mùdáṣírù béèrè pé èwo ló yàn. Ọlápèjú ní, "Ìwọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nìyẹn." Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, ìlà yẹ́lò kò yọjú mọ́. Iṣẹ́ ń lọ geere. Ìyá Àwẹ̀ró sun ẹkún náà dé òpin, ó ṣí ojú, ó ní, "Ó tán. Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ fún Ìbídùn." Ọlápèjú tọ́jú ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà, ó sì tọ́jú ìkejì sínú fíláàṣì, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà láti kó ìwé pamọ́, ó fi kọ́ sára ìṣó. Ìyá Ìbídùn ní kí wọ́n má tíì tẹ̀ ẹ́ jáde, òun fẹ́ wá mú àwọ̀ èèpo ẹ̀yìn tó máa bá a mu, kó lè di ìwé gidi. Kò pẹ́ sígbà náà tí Ìyá Àwẹ̀ró sùn tí kò jí mọ́. Wọ́n sin ín, wọ́n sì fẹnu kò pé ìgbéyàwó kò ní yẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀ kó tó lọ.

Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọjọ́ díẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan mú iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wá nínú fíláàṣì. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ló bá òun tò ó. Ọlápèjú ṣí i, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ọmọ náà gba ìwé rẹ̀, ó lọ. Kọ̀ǹpútà kò béèrè ohunkóhun. Bí ẹni tó kọ àṣẹ ibi sínú ìwé náà ṣe wọ ilé Ọlápèjú nìyẹn, obìnrin náà kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ kankan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Ìbídùn àti ìyá rẹ̀ dé láti wá gba ìwé ẹkún. Ọlápèjú kí wọn, ó fún wọn ní ìjókòó, ó ṣí ìwé náà. Ojú ewé funfun ló rí. Ó pa á dé, ó tún ṣí i. Funfun. Ó ṣí ìwé oníbàárà mìíràn wò, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yọ fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì parẹ́. Ó pe Mùdáṣírù lórí fóònù.

"Àǹtí, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Mò ń bọ̀ láti Ìgànná báyìí. Fíláàṣì tẹ́ ẹ fi kọ́, ẹ má kì í bọ kọ̀ǹpútà yẹn o."

"Mo ti gbọ́."

"Àǹtí, ṣé ẹ gbọ́? Ẹ má kì í bọ̀ ọ́."

Ìgbà kejì yẹn ló bí i nínú. Ó pa fóònù. Ìyàwó wà níwájú rẹ̀, ìyá ìyàwó ń wo ẹnu rẹ̀, ẹ̀rù sì ti ń bà á débi pé kò lè jókòó lásán. Ó yọ fíláàṣì lára ìṣó, ó kì í bọ kọ̀ǹpútà, ó ṣí ìwé náà.

Ọ̀rọ̀ kún ojú ewé bámúbámú, tòun tàmì. Ọlápèjú mí kanlẹ̀. Ìbídùn sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kà á sókè: "Ìyá mi, mo dúpẹ́ omi tó o gbé lórí." Kó tó ka ìkejì, ojú ewé ti funfun.

Ìbídùn ṣì bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ó ń wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Mùdáṣírù dé, ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò síwá sẹ́yìn. Ó gbé kọ̀ǹpútà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní Ìbàdàn pàápàá. Nígbà tó padà dé lọ́jọ́ kejì, tí Ìbídùn àti ìyá rẹ̀ tún ti wá, ó ní àṣẹ tó wọlé náà ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́, ó sì ń tọ́jú òfìfo dípò rẹ̀, kò sí bí àwọn ṣe lè rí ọ̀rọ̀ náà gbà padà. Ọlápèjú ń pariwo, ó ń ṣépè fún akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, ó ní òun á wá a dé ilé ìwé. Ìyá Ìbídùn jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán.

"Mùdáṣírù," ló wá pè é jẹ́jẹ́, "ṣé nǹkan yìí kì í béèrè kó tó wọlé ni?"

Ọmọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Ó máa ń béèrè, mà. Wọ́n ti ní kó má béèrè mọ́."

Obìnrin náà dìde, ó di gèlè rẹ̀ le, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ. Ìbá sàn kó bú Ọlápèjú.

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Ọlápèjú lọ, torí bí kò bá lọ, ojú ló máa tì í jù. Wọ́n mú Ìbídùn jáde sí iwájú ilé bàbá rẹ̀, àwọn obìnrin agboolé yí i ká, wọ́n dákẹ́ láti gbọ́ ẹkún rẹ̀. Ọmọ náà la ẹnu: "Ìyá mi, mo dúpẹ́ omi tó o gbé lórí." Ohùn rẹ̀ dára. Wọ́n dúró de èyí tó kàn. Kò sí èyí tó kàn. Ó tún ìlà kan yẹn sun, ó dúró, ó fọwọ́ bo ojú, ó wá bú sẹ́kún gidi, èyí tí kò lọ́rọ̀ nínú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sìn ín lọ sílé ọkọ.

Obìnrin àgbà kan tó dúró ti Ọlápèjú fọwọ́ kàn án léjìká. "Wọ́n ní olè ló wọ inú ẹ̀rọ yín, tó jí ẹkún ọmọ yìí lọ. Ta ló ṣílẹ̀kùn fún un?"

Ọlápèjú kò lè dárúkọ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. "Kò sẹ́ni tó ṣí i, Ìyá," ló wí. "Ó ń kànkùn kó tó wọlé tẹ́lẹ̀, ó sú mi, mo bá yọ ilẹ̀kùn."

Àwọn obìnrin gbé ọ̀rọ̀ náà délé, ọkọ wọn gbọ́ ọ, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé gbọ́ ọ, ó sì ti ṣe díẹ̀ tí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn ti di àgbà ìlú. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé: ẹni tí kíkànkùn sú, tó yọ ilẹ̀kùn rẹ̀ dànù, kì í bi olè pé ta ló ṣílẹ̀kùn fún ọ.