Katakata Tí Wọ́n Ń Pè Ní Òkú

Ní abúlé Agbóyè, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Adérójú. Títún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ṣe ni iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá tó bí i ló kọ́ ọ. Agboolé ọkọ rẹ̀ wà létí ọgbà ńlá kan tí òyìnbó kan dá sílẹ̀ láyé àtijọ́, tó sì fi sílẹ̀ lọ. Koríko ti gba ọgbà náà. Ó ga ju ènìyàn lọ, ó sì ti rìn dé ẹ̀yìn ilé ìdáná. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, tí koríko náà bá ṣe ṣììì, àwọn obìnrin á sọ ìkòkò kalẹ̀, wọ́n á sá wọlé, nítorí paramọ́lẹ̀ pọ̀ níbẹ̀.

Lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ àgbàlá ni katakata kékeré tí òyìnbó náà fi ń gé koríko wà. Ìpẹtà ti bò ó. Òkú ni gbogbo ilé ń pè é. Bàbá Oyèdòkun, olórí agboolé, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ Adérójú, a máa sá aṣọ sí i lórí, a sì máa fara tì í jẹ obì láràárọ̀.

Ní ọjọ́ kan, paramọ́lẹ̀ bu Ìbídùn, ọmọ Adérójú, ṣán lẹ́yìn ilé ìdáná. Orí kó ọmọ náà yọ, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ṣeé fi tẹlẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ewé gbígbẹ bá mi, àyà Adérójú á já. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún Òkú ṣe. Àdá ò ká koríko yìí mọ́. Kò sí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìbídùn, mo ti mọ òkú yìí kí wọ́n tó gbé ọ wọlé. Òkú kì í jí. Ṣùgbọ́n bí o bá láyè, máa tún un ṣe."

Ẹ́ńjìnnì ti gan, kò yí rárá. Adérójú tú púlọ́ọ̀gì, ó da epo sí ihò rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ kí epo náà wọlé dáadáa. Nígbà tó yá, ó fi ọwọ́ yí i, ó sì mì. Ó fọ ìpẹtà inú táǹkì, ó tú kábúrétọ̀, ó ra bẹ́líìtì tuntun tí yóò máa yí abẹ tó ń gé koríko. Ó wá ku ọpọ́n irin tó dojú dé lábẹ́ ikùn katakata náà, níbi tí àwọn abẹ ti ń yí. Kò jẹ́ kí ọwọ́ òun bọ ibẹ̀. Igi gígùn ló kọ́kọ́ fi tọ́ ọ wò, ni awọ tí ejò bọ́ bá já bọ́ sílẹ̀. Adérójú fò sẹ́yìn, ó kígbe. Ó jókòó títí àyà rẹ̀ fi rọlẹ̀, lẹ́yìn náà ló tó tú ọpọ́n náà kúrò, tó yí i sókè, tó ha koríko jíjẹrà inú rẹ̀ kúrò. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ jórinjórin kó bá a lẹ ibi tó lu, ó sì pọ́n àwọn abẹ náà títí wọ́n fi ń kọ mọ̀nà, kó tó dá gbogbo rẹ̀ padà sí ààyè.

Ọjọ́ tí yóò dán an wò pé. Ó ṣí ìdérí bẹ́líìtì sílẹ̀ kó lè rí bó ṣe ń yí. Ó fa okùn. Òkú wúkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó wá ké! Adìẹ fò sórí òrùlé, ajá sá gba inú igbó. Àwọn abẹ ń han gooro lábẹ́ irin.

"Ẹ má sún mọ́ ọn o!" Adérójú pariwo.

Àwọn ará ilé tó ń wòran sún sẹ́yìn. Bàbá nìkan ló ń bọ̀, nínú agbádá tó fẹ́ wọ̀ lọ sí ìpàdé.

"Bàbá, ẹ dúró níbẹ̀!"

"Kí n dúró nítorí kí ni? Òkú tí mo ń fara tì láràárọ̀?"

Ó fẹ́ fara tì í bó ṣe máa ń ṣe. Bẹ́líìtì gbá etí agbádá mú. Kí ó tó ké, aṣọ ti wé mọ́ irin, ó sì fà á dòbálẹ̀. Aṣọ ń ya, Bàbá ń fi èékánná walẹ̀, ẹ̀rọ ń fà á lọ síbi tí àwọn abẹ wà. Àwọn obìnrin ń ké pé, "Ebora ni! Ebora ti gbé Bàbá!"

Adérójú na ọwọ́ sí wáyà púlọ́ọ̀gì tó ń gbé iná wọ ẹ́ńjìnnì. Iná gbá a dé èjìká, kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó fà á yọ.

Ẹ̀rọ náà kú. Agbádá ti lọ, bùbá ti lọ, okùn ṣòkòtò ti já, ṣòkòtò náà sì ti bọ́. Bàbá wà nílẹ̀ níhòòhò. Àwọn ìyàwó ilé yíjú sẹ́yìn. Adérójú tú ìborùn rẹ̀, ó fi bò ó, ó sì bú sẹ́kún.

"Mi ò ní tan án mọ́ láéláé, Bàbá."

Bàbá fa ìborùn náà mọ́ra, ó dìde jókòó. "Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ojú àná ni mo fi wò ó." Ó wo koríko lẹ́yìn ilé ìdáná. "Paramọ́lẹ̀ ò tíì lọ. Dé bẹ́líìtì yẹn, kí o padà gun orí rẹ̀."

Adérójú dé e, ó fi wáyà padà, ó sì fa okùn. Ó gun orí katakata náà wọ inú koríko. Bàbá dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó di ìborùn mú láyà, ó sì na ọwọ́ kejì dí ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má baà kọjá.

Láti agboolé náà ni ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu àwọn àgbà, tí wọ́n fi ń kìlọ̀ títí di òní pé: ẹni tó bá fojú àná wo òkú, ebora á bọ́ ọ láṣọ.